Ìdì Igi Méje Nínú Garawa Kan

Ní ọdún 1954, nígbà tí eruku ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja ṣì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ìyá kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kábà, ó ń retí igi ìdáná. Ọkùnrin méjì ló ń fẹ́ Monica ọmọ rẹ̀. Sátidé ni ìgbéyàwó. Wọ́n ti mú ọjọ́, ọkọ nìkan ni kò tíì dájú. Ìdílé ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ìdì igi méje wá fún ìyá ìyàwó ni yóò gbé ọmọ lọ, àmọ́ kí ó jẹ́ igi tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́, tí ó fi orí ara rẹ̀ rù. Bí oòrùn òní bá ti kan àtàrí, àwọn àgbà ìdílé ń bọ̀ wá kà á.

Ẹni tó wọlé báyìí kò ru igi. Tíṣà Josiah ni, ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Ó wọ ṣòkòtò péńpé dírìlì funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó gbé garawa kẹrosíìnì kan lọ́wọ́. Lẹ́yìn ògiri, a ń gbọ́ odó: Monica ń gún èlùbọ́.

JOSIAH: Okun o, Ìyá!

ÌYÁ MONICA: Okun o, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo jí? Máa bọ̀. Ibo lo já igi sí? Ṣé ẹnu ọ̀nà ni?

(Josiah fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣòkòtò kọ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀, sítáàṣì dún "kà!", ó yára nàró padà.)

ÌYÁ MONICA: Má wulẹ̀ ṣe é mọ́. Mo ti gbọ́ ìró rẹ̀. Igi dà?

JOSIAH: Igi ti dé, Ìyá.

ÌYÁ MONICA: Níbo?

JOSIAH: Nínú garawa yìí.

(Ìyá dìde, ó yọjú sínú garawa. Ó kún fún òkúta funfun, ńlá àti wẹ́wẹ́.)

ÌYÁ MONICA: Josiah.

JOSIAH: Ìyá?

ÌYÁ MONICA: Òkúta nìyí.

JOSIAH: Láìmù ni, Ìyá. Òun ni àwọn Fadá fi ń kun ṣọ́ọ̀ṣì tó fi ń funfun báyẹn.

ÌYÁ MONICA: Mo mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n fi kun ọbẹ̀ ni?

JOSIAH: Ìdì igi méje ló wà nínú rẹ̀. Méje gbáko. Mo ṣírò rẹ̀.

ÌYÁ MONICA: Ta ló wá gé e wẹ́wẹ́ tó báyìí?

JOSIAH: Igi gan-an kọ́, Ìyá. Ooru igi ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè, bí mo ṣe máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi. Kí lẹ fẹ́ fi igi ṣe?

ÌYÁ MONICA: Kí n fi dáná.

JOSIAH: Kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe?

ÌYÁ MONICA: Kí n fi se iṣu.

JOSIAH: Ó dára. Kí ló ń se iṣu náà?

ÌYÁ MONICA: Èmi.

JOSIAH: Rárá, Ìyá! Ooru ló ń se é.

ÌYÁ MONICA: Ooru? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí ààrò yìí. Ojú mi pọ́n, irun iwájú mi jó, ooru ló wá ń gba ọpẹ́?

JOSIAH: Ohun tí mò ń sọ ni pé igi kọ́ lẹ nílò. Ooru lẹ nílò. Ooru náà wà nínú òkúta yìí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń dúró de omi.

(Ìyá fi ìka kan ṣoṣo kan òkúta.)

ÌYÁ MONICA: Ó tutù.

JOSIAH: Ó sùn ni.

ÌYÁ MONICA: Ó sùn. Baba Olúbọ̀dé ni àgbà tó máa ka igi, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́, ọwọ́ ló fi ń kà á. Kí n fà á lọ́wọ́ wá síbí, kí n ní, "Baba, ẹ fọwọ́ bà á, igi ni, ó kàn sùn ni"?

JOSIAH: Èmi fúnra mi á ṣàlàyé fún Baba.

ÌYÁ MONICA: Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Òkìtì igi níwájú ilé ni wọ́n fi ń mọ̀ pé wọ́n wá fẹ́ ọmọ ẹni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ Martha àbúrò mi, òkìtì igi rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Iyah-Gbede fi ń wò ó láti ìlú wọn, tí wọ́n ń béèrè pé òkè wo ló tún hù ní Kábà. Tèmi á wá jẹ́ garawa kan. Wọ́n á ní kẹrosíìnì ni mo gbà, mo sì fi ọmọ fún ọkọ.

JOSIAH: Ìyá, ẹ gbà mí. Tíṣà ni mí. Bí mo bá ru igi gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ kọjá, àwọn ọmọ Sítáńdáàdì Tú á rí mi. Bó bá di ọjọ́ kejì, tí mo ní kí wọ́n dákẹ́, wọn ò ní dákẹ́. Wọ́n á máa pè mí ní Tíṣà Onígi.

ÌYÁ MONICA: Orúkọ tó dára ni. Bàbá Monica ru ìdì méje wá fún ìyá mi láti Iyah-Gbede, ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Ọrùn rẹ̀ wọlé sínú àyà lọ́jọ́ yẹn, kò sì padà jáde mọ́ títí tó fi kú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

JOSIAH: Ayé ti yí padà, Ìyá.

ÌYÁ MONICA: Ohun tí ẹnìkejì rẹ sọ náà nìyẹn. Bámigbóyè ará Iffe.

(Odó dákẹ́ lẹ́yìn ògiri.)

ÌYÁ MONICA: Ó ní òun ń lọ síṣẹ́ lọ́nà Lọ́kọ́ja, kí n má fòyà, pé igi òun á bá mi nílé kí ọjọ́ kíkà tó pé. Láti ìgbà iṣu tuntun, n kò rí ẹ̀ka kan ṣoṣo.

JOSIAH: Bámigbóyè! Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀!

ÌYÁ MONICA: Orúkọ rẹ̀ gùn.

(Odó tún bẹ̀rẹ̀, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.)

JOSIAH: Ẹ fetí sílẹ̀, Ìyá. Mo kọ́ kẹ́mísírì ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo ohun tó wà láyé, ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló para pọ̀ di í. Àwọn ẹyọ wọ̀nyí, ṣe ni wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

ÌYÁ MONICA: Wọ́n ní ọwọ́?

JOSIAH: Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ní ọwọ́.

ÌYÁ MONICA: O ní ojú kò lè rí wọn. Ta ló wá rí ọwọ́ wọn?

JOSIAH: Bàtúrè òyìnbó ló ṣe ìwádìí rẹ̀.

ÌYÁ MONICA: Hùn. Bàtúrè rí ọwọ́ ohun tí ojú kò rí, kò wá rí ihò tó wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

JOSIAH: Òfin rẹ̀ nìyí, Ìyá. Bí ẹyọ méjì bá pàdé, tí wọ́n di ara wọn mú, ooru á jáde.

ÌYÁ MONICA: Mo mọ ìyẹn.

JOSIAH: Ẹ mọ̀ ọ́n? Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?

ÌYÁ MONICA: Mo bí ọmọ mẹ́jọ.

(Josiah wúkọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo garawa.)

JOSIAH: Ẹ... ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tú wọn ká, kí ọ̀kan jọ̀wọ́ èkejì, ooru kò ní jáde. Ṣe ni wọ́n á gba ooru. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wọn ní ooru kí wọ́n tó gbà láti túká.

ÌYÁ MONICA: Tún ìyẹn wí. Títúká ló ń jẹ ooru?

JOSIAH: Títúká ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí nǹkan bá fọ́ ni agbára inú rẹ̀ máa ń tú jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kàwé pàápàá máa ń ṣì í.

ÌYÁ MONICA: Kí ló lè mú wọn ṣì í? Bí mo bá ń ṣẹ́ igi, èmi ló ń làágùn. Igi kì í làágùn.

(Josiah dúró gbọọrọ. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí olùkọ́ tó sọ ọ́ fún un ní ìsọ kúkurú tó báyẹn.)

JOSIAH: Ìyá... bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

ÌYÁ MONICA: Martha tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, ijó ni, ẹ̀rín ni, gbogbo agbo ilé gbóná. Nígbà tó wá fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀, ọdún mẹ́ta la fi ń lọ, tí a ń bọ̀. Ìdílé méjì làágùn. Alákálí tó jókòó sórí ẹjọ́ náà làágùn títí, ó bọ́ láwàní.

JOSIAH: Ẹ ti mọ kẹ́mísírì, Ìyá! Dídimú, ooru jáde. Títúká, ooru wọlé.

ÌYÁ MONICA: Dídimú, ooru jáde. Títúká, ooru wọlé. Ó dùn lẹ́nu. Iyán tí mo jẹ ńkọ́? Ṣé ó wà nínú òfin yìí?

JOSIAH: Ó wà níbẹ̀. Iyán tí ẹ jẹ, bó bá dénú, ẹyọ rẹ̀ á túká, á sì lọ di atẹ́gùn mú, èyí tí ẹ ń mí. Dídimú yẹn lágbára ju títúká lọ fíìfíì, ooru rẹ̀ sì ni ara yín fi ń gbóná. Òun náà lẹ fi ń rìn, tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

ÌYÁ MONICA: Hẹn-ẹ́n. Agbára tí o fi gbé garawa yìí wá, ibo ló ti wá?

JOSIAH: Láti inú oúnjẹ tí mo jẹ.

ÌYÁ MONICA: Níbo lo ti jẹun kẹ́yìn?

JOSIAH: Níbí, lánàá. Iyán yín.

ÌYÁ MONICA: Èmi ni mo gbé garawa wá, nígbà náà.

JOSIAH: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀...

ÌYÁ MONICA: Ó lè yẹ̀ ni, òfin ọ̀hún?

JOSIAH: Kò lè yẹ̀ láéláé! Kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ooru tó bá jáde níbì kan, ẹnìkan tàbí nǹkan kan ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ÌYÁ MONICA: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

JOSIAH: Èmi, Josiah, ni mo sọ ọ́.

ÌYÁ MONICA: Jẹ́ kí n dì í pamọ́, kí n má gbàgbé.

(Ó fa etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó kan, ó fún un le.)

ÌYÁ MONICA: Ó yá. Jí òkúta rẹ kí n rí i. Oòrùn ń gòkè lọ.

(Josiah kó òkúta sínú agbada amọ̀. Ìyá mú ẹyin ẹtù kan wá. Josiah fi í sínú agolo kékeré tó ní omi, ó gbé agolo náà sáàárín òkúta. Ó wá bu omi lé òkúta lórí, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ súre fún ìjọ.)

JOSIAH: Ẹ máa wò ó!

(Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.)

ÌYÁ MONICA: Mò ń wò ó.

(Adìẹ kan yà, ó wo agbada, ó wo Josiah, ó bá tirẹ̀ lọ.)

ÌYÁ MONICA: Àbí wọn ò mọ ara wọn rí ni?

JOSIAH: Ẹ ní sùúrù, Ìyá.

ÌYÁ MONICA: Ó lè jẹ́ alárinà ni wọ́n ń wá.

JOSIAH: Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ nígbà míràn.

ÌYÁ MONICA: Àbí ìyá ìyàwó wọn náà kò tíì rí igi.

JOSIAH: Ìyá, ẹ jọ̀wọ́!

(Òkúta kan dún "pá". Òmíràn dá a lóhùn, "pá-pá". Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òkúta ń là, ó ń wú, ó ń hó yàà. Oru funfun gòkè lọ. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ ní àsọdùn pé àwọn ará Iffe rí oru náà, wọ́n rò pé òjò ṣú, wọ́n kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ayewa tó wà nítòsí nìkan ló kó aṣọ wọlé.)

ÌYÁ MONICA: Yéè! Ó jí! Josiah, òkúta jí!

JOSIAH: Ooru nìyẹn, Ìyá! Wọ́n ń di ara wọn mú! Ẹ wò ó, ó ń jáde! Ó ń jáde, ó ń... yéè! Ó jáde sí mi lára!

(Láìmù ta pàrà. Ó bà á láyà, ó bà á létí, ó bà á ní ṣòkòtò. Ewúrẹ́ já okùn, ó sá. Josiah ń fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.)

ÌYÁ MONICA: Gbọ̀n ọ́n! Gbọ̀n ọ́n dànù! Má bọ́ ṣòkòtò níbí o, a kò tíì fún ọ níyàwó!

(Ariwo rọlẹ̀. Ìyá fi ẹ̀mú fa agolo jáde, ó mú ẹyin, ó fọ́ ọ, ó bó o, ó fi iyọ̀ sí i. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, Josiah ń wo ẹnu rẹ̀.)

ÌYÁ MONICA: Ó jinná.

JOSIAH: Ó jinná!

ÌYÁ MONICA: Kai! Láìdáná, láìfẹ́ná. Èéfín ò ta mí lójú. Nínú gbogbo ẹyin tí mo ti sè, èyí nìkan ni kò pa mí lẹ́kún.

JOSIAH: Igi mi pé nìyẹn, Ìyá?

ÌYÁ MONICA: N kò lè bá ọ jiyàn. Ooru ni mo fẹ́, mo sì rí ooru. Ẹni tó ni ooru yìí ló ni igi, ẹni tó ni igi ló ni Monica. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

JOSIAH: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá! Ẹni tó ni ooru ló ni Monica!

(Lẹ́yìn ògiri, ọmọ odó bọ́ lulẹ̀, "gbì".)

ÌYÁ MONICA: Ó ku ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹyin kan la sè. Àlejò Sátidé á tó ọgọ́ta, bí ìròyìn iyán bá sì dé Iyah-Gbede, wọ́n á di ọgọ́fà. Iṣu rèé. Tún da omi sí i.

(Josiah da omi. Omi dúró sórí láìmù, ó ń wò wọ́n. Josiah tún da omíràn.)

ÌYÁ MONICA: Ó ti tún sùn?

JOSIAH: Kò sùn, Ìyá. Ó... ó ti tán.

ÌYÁ MONICA: Kí ló tán? Agbada ṣì kún. Ó tún wú ju bó ṣe wà lọ pàápàá.

JOSIAH: Láìmù kò tán. Ooru ló tán. Àwọn ẹyọ yẹn ti di omi mú. Ẹni tó ti di ẹnìkan mú, kò sí ọwọ́ tó máa fi di ẹlòmíràn.

ÌYÁ MONICA: Ooru ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló ní. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ó di ẹfun.

JOSIAH: Ẹ lè fi kun ilé, Ìyá. Ó máa dára gan-an.

ÌYÁ MONICA: Ọgọ́fà àlejò, wọ́n á wá máa lá ògiri? Báwo ni wọ́n ṣe ń jí i padà?

JOSIAH: Ìyẹn ò le. Wọ́n á kàn tú wọn ká ni, kí omi kúrò lára rẹ̀.

ÌYÁ MONICA: Dúró.

(Ó gbé kókó etí ìró rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.)

ÌYÁ MONICA: Títúká, ooru wọlé. Ooru kékeré?

JOSIAH: Ooru ńlá, Ìyá. Iná tó pọ́n yòò.

ÌYÁ MONICA: Òkúta yìí, kí o tó gbé e wá fún mi, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún un rí?

JOSIAH: Wọ́n ti ṣe é. Òkúta lásán ni nígbà tí wọ́n wà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jó o, kí afẹ́fẹ́ kan tó wà lára rẹ̀ tó gbà láti kúrò. Ìgbà náà ló di láìmù, tí òùngbẹ wá ń gbẹ ẹ́ báyẹn.

ÌYÁ MONICA: Ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni wọ́n fi jó o?

JOSIAH: Iná.

ÌYÁ MONICA: Kí ni wọ́n fi dá iná náà?

(Josiah gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń gbọn láìmù kúrò lára ìbọ̀sẹ̀. Ó pẹ́ nídìí ìbọ̀sẹ̀ kan.)

JOSIAH: Ní ìlú òyìnbó, Ìyá, èédú ilẹ̀ ni wọ́n máa ń...

ÌYÁ MONICA: Ìlú òyìnbó kọ́ lo ti rà á. Kí ni wọ́n fi ń dá a níbi tí o ti rà á?

JOSIAH: Igi.

ÌYÁ MONICA: N kò gbọ́. Sọ ọ́ sókè, bí àwọn ọmọ Sítáńdáàdì Tú.

JOSIAH: Igi, Ìyá!

ÌYÁ MONICA: Ìdì mélòó ló ń jó garawa kan?

JOSIAH: Méje.

ÌYÁ MONICA: Àṣé ìṣirò tí o ṣe nìyẹn.

JOSIAH: Ẹni tó ń ru igi síbẹ̀, lọ́nà Lọ́kọ́ja, ló sọ fún mi.

ÌYÁ MONICA: Ẹnìkan wà tó ń ru igi. Orí ló fi ń rù ú?

JOSIAH: Orí ni.

ÌYÁ MONICA: Ta ló ń ṣẹ́ ẹ?

JOSIAH: Òun náà ni.

ÌYÁ MONICA: Nígbà tó ń ṣẹ́ ẹ, igi ló làágùn àbí òun?

JOSIAH: Òun, Ìyá.

ÌYÁ MONICA: Kí lorúkọ rẹ̀?

JOSIAH: Orúkọ kò sí nínú kẹ́mísírì, Ìyá.

ÌYÁ MONICA: Inú ẹ̀yìnkùlé mi la wà. Kí lorúkọ rẹ̀?

(Kò sí ìró odó mọ́. Èlùbọ́ pàápàá ń fetí sílẹ̀.)

JOSIAH: Bámigbóyè.

ÌYÁ MONICA: Ará Iffe?

JOSIAH: Ará Iffe.

ÌYÁ MONICA: Ó mọ ibi tí ò ń gbé garawa yìí bọ̀?

JOSIAH: Mo sọ fún un. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo tún ṣàlàyé òfin náà fún un, nítorí kò kàwé.

ÌYÁ MONICA: Kí ló wí?

JOSIAH: Ó bá mi yọ̀. Ó ní kí n má mú èyí tí mo dì mú, ó lọ gbé òmíràn wá fún mi, ó ní òun ti ya ìyẹn sọ́tọ̀. Ó ní kí n kí yín, kí n sọ fún yín pé òun kò gbàgbé.

(Ẹ̀rín pa ẹnìkan lẹ́yìn ògiri. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó o.)

JOSIAH: Ìyá, igi lásán ni tirẹ̀! Èmi ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀!

ÌYÁ MONICA: Ìtumọ̀ kọ́ ló se ẹyin tí mo jẹ. "Ooru tó bá jáde níbì kan, ẹnìkan ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ta ló sọ ọ́?

JOSIAH: Èmi ni.

ÌYÁ MONICA: "Ẹni tó ni ooru ló ni Monica." Ta ló pariwo ìyẹn?

JOSIAH: Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n, Ìyá, kí lẹ máa fi se iṣu ọgọ́fà àlejò? Ooru Bámigbóyè ti tán sínú ẹyin kan!

ÌYÁ MONICA: Ẹni tó ṣẹ́ méje kó tó dọ́dọ̀ mi lè ṣẹ́ méje míràn kó tó di Sátidé. Ìwọ ńkọ́? Oòrùn kò tíì kan àtàrí tán. Àáké wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, igbó kò jìnnà. Bí o bá ṣẹ́ ìdì kan péré, kí o rù ú wọlé, mo lè rí nǹkan sọ fún Baba Olúbọ̀dé.

(Josiah wo àáké. Aago ilé-ẹ̀kọ́ dún lókèèrè. Ariwo àwọn ọmọ tú síta, gbogbo Sítáńdáàdì Tú ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Josiah wo ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.)

JOSIAH: Ìyá, ẹ̀yin náà mọ ipò tí mo wà.

ÌYÁ MONICA: Mo mọ̀ ọ́n.

(Àwọn àgbà ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá Baba Olúbọ̀dé ló kọ́kọ́ wọlé, òun tẹ̀ lé e. Ìyá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó nà án dáadáa, ó sì kọjú sí ògiri.)

ÌYÁ MONICA: Monica! Jáde wá kí àwọn bàbá rẹ. Igi Bámigbóyè ti dé, méje pé! Bu omi fún alárù tó gbé e wá, ó ti làágùn. Ṣùgbọ́n dúró tì í kó mu ún tán o, kí ó má dà á sí ṣòkòtò, kí ìyókù láìmù má baà jí!